Gbèsè Àjàlá: Linux Wo Ni Ó Yẹ Ká Gbọ́kàn Lé?

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ìtìlẹ́yìn tí Microsoft ń ṣe fún Windows 10 parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fi àfikún ọdún kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan Ṣómólú ní Èkó gbọ̀ngbọ̀n. Láti Fádèyí títí wọ Bárígà ni ilé ìtẹ̀wé ti ń fara kan ilé ìtẹ̀wé, tí wọ́n ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú àti ìwé ìpolongo ìbò, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ti lọ́jọ́ lórí kò sì ní ohun tí Windows 11 ń béèrè. Bí ẹni tó ni irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ bá wá béèrè pé nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yà Linux, ètò ọ̀fẹ́ tí a lè fi rọ́pò Windows, tó wà nílẹ̀, èwo ni òun lè gbọ́kàn lé fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, orúkọ lásán ni wọ́n sábà máa ń sọ fún un: Ubuntu, Mint, Fedora. Bẹ́ẹ̀, ohun tó béèrè jinlẹ̀ ju orúkọ lọ. Ó fẹ́ mọ ohun tí ènìyàn lè fi mọ ẹni tàbí nǹkan tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, nígbà tí kò sí agbára láti tú inú rẹ̀ wò.

Ifá ti bá wa ro irú ìbéèrè yìí nínú ìtàn orí yíyàn. Oríṣẹ́ẹ̀kú, Orílẹ̀ẹ́mèrè àti Afùwàpẹ́ jọ lọ yan orí nílé Àjàlá amọrí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ mú èyí tó wù wọ́n lójú. Òjò lù wọ́n lọ́nà ayé, orí náà sì ń bó díẹ̀díẹ̀. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ kọ́kọ́ bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó rúbọ, ó san gbèsè tó wà lọ́rùn Àjàlá, Àjàlá sì bá a yan èyí tó dára. Kádàrá ni wọ́n sábà máa ń fi ìtàn náà ṣàlàyé. Ohun tó gba àfiyèsí mi níbẹ̀ ni gbèsè yẹn. Ìtàn náà kò fi pa mọ́ pé onígbèsè ni amọrí, pé ńṣe ló ń sá fún olówó. Ojú kò lè dá orí tó jiná mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó sán nínú, ṣùgbọ́n ènìyàn lè wádìí ta ni ẹni tó mọ ọ́n jẹ ní gbèsè. Mo gbà pé ìbéèrè tó yẹ ká bi gbogbo ẹ̀yà Linux nìyẹn: àwọn tó ń ṣe é, ta ni wọ́n jẹ ní gbèsè, ǹjẹ́ wọ́n sì kọ gbèsè náà sílẹ̀ ní gbangba?

Ẹ wo Corel. Kò sí ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú tí kò mọ ètò ìyàwòrán CorelDRAW, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló mọ̀ pé iléeṣẹ́ ọmọ Kánádà yìí gbé ẹ̀yà Linux tirẹ̀ jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1999, tí wọ́n kọ́ lé Debian, ẹ̀yà Linux mìíràn, lórí, tí wọ́n sì gbé CorelDRAW 9 fún Linux jáde ní ọdún 2000. Nígbà tó fi máa di 2001, wọ́n ti ta ẹ̀yà Linux náà fún Xandros. Owó kò wọlé, àwọn olówó ìpín sì ni iléeṣẹ́ jẹ ní gbèsè. Ti CentOS, ẹ̀yà Linux ọ̀fẹ́ tí Red Hat ń bójú tó, tún le ju ìyẹn lọ. Ọkàn àwọn tó ń lo CentOS 8 ti balẹ̀ pé yóò gbé wọn dé 2029. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, Red Hat, tí IBM ti rà ní ọdún tó ṣáájú, kéde pé òpin ọdún 2021 ni yóò dópin. Wọn kò rú òfin kankan. Àwọn tí wọ́n ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ kò sí nínú ìwé gbèsè wọn, ìyẹn ni. Ubuntu ṣe dáadáa ju èyí lọ: Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2004; ọdún méjì méjì ni ẹ̀yà ọlọ́jọ́ pípẹ́ rẹ̀ ń jáde, ọdún márùn-ún ni wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Síbẹ̀, Canonical, iléeṣẹ́ Shuttleworth, ló ni í, ohun tí iléeṣẹ́ kan bá sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ó lè fọwọ́ ara rẹ̀ tú u.

Kò sí iléeṣẹ́ tó ni Debian. Ian Murdock dá a sílẹ̀ ní 1993, ó fi ipò olórí sílẹ̀ ní 1996, ó kú ní 2015, iṣẹ́ kò sì dúró, gẹ́gẹ́ bí CMS Grammar School tó wà ní Bárígà kò ti kú pẹ̀lú Thomas Babington Macaulay tó dá a sílẹ̀ ní 1859. Láti 1997 ni wọ́n ti kọ àdéhùn wọn sílẹ̀: pé àwọn tó ń lò ó ló ṣáájú, pé àwọn kò ní fi àbùkù pa mọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yí àdéhùn náà padà ní 2022, kí ètò tó ń mú Wi-Fi àti káàdì àwòrán ṣiṣẹ́ lè wà nínú ohun tí a fi ń gbé Debian sórí kọ̀ǹpútà, ìdìbò ni wọ́n fi ṣe é, gbogbo ayé sì rí i. Ní nǹkan bí ọdún méjì ni ẹ̀yà tuntun ń jáde. Lẹ́yìn náà, àtúnṣe ààbò àti ti àbùkù tó le nìkan ló ń wọlé, kì í ṣe àrà tuntun. Ẹni tó bá ń ra dátà, tí iná sì lè lọ nígbàkugbà, mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Ẹ̀yà Linux tó ń jẹ́ Arch ń yí padà lójoojúmọ́, Fedora sì ń pa ẹ̀yà rẹ̀ tì lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 13. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́ náà ni wọ́n dára fún.

Ẹnì kan lè sọ pé Debian náà ti ṣàṣìṣe tó burú. Òótọ́ ni. Ní 2006, olùtọ́jú kan nínú wọn yọ ìlà díẹ̀ kúrò nínú OpenSSL, ètò ìpàrokò, kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń ṣẹ̀dá sì di ohun tí olè lè ṣírò, títí di oṣù karùn-ún 2008. Ọmọ ẹgbẹ́ Debian ló rí i, Debian fúnra wọn ló kéde rẹ̀, wọ́n sì fúnni ní ohun tí a lè fi dá kọ́kọ́rọ́ tó bàjẹ́ mọ̀. Ní oṣù kẹta 2024 ẹ̀wẹ̀, Andres Freund, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, ṣàkíyèsí pé ìwọlé sórí ẹ̀rọ rẹ̀ ń pẹ́ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ẹnì kan ti ki ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bọ inú xz, ètò tó ń fún fáìlì pọ̀. Ó ti wọ ẹ̀yà Debian tí wọ́n ṣì ń dán wò. Kò tíì dé èyí tí wọ́n fi lé aráàlú lọ́wọ́. Ìlọ́ra tí àwọn kan fi ń bú Debian ló gba aráàlú là. Bí ẹlòmíràn bá ní kò sí ẹni tí a lè pè lẹ́jọ́ níbi tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti jẹ́ olùyọ̀ǹda, kó kọ́kọ́ sọ fún mi ilé ìtẹ̀wé tó pe Microsoft lẹ́jọ́ láti Ṣómólú. Èyí tó ń lo Windows ayédèrú kò tilẹ̀ mọ orúkọ ẹni tó fi ọkàn tán.

Àtakò tó wúwo jù ni ti CorelDRAW, mi ò sì ní ìdáhùn tó pé pérépéré fún un. Inkscape, ètò ìyàwòrán ọ̀fẹ́, ń ṣí fáìlì CDR tí CorelDRAW ń ṣe, àmọ́ kì í ṣí gbogbo rẹ̀ bó ti yẹ, oníbàárà tó fẹ́ gba káàdì rẹ̀ lọ́la kò sì ní gbọ́ àlàyé. Scribus, ètò ìtòwé, ní tirẹ̀ ń ṣe PDF ní àwọ̀ mẹ́rin tí plẹ́ètì nílò, ìwé púpọ̀ ló sì lè gba ibẹ̀ lọ sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Fún ilé ìtẹ̀wé, kí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo wà lórí Windows fún fáìlì oníbàárà, kí wọ́n má sì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Kí èyí tí wọ́n ń fi kọ lẹ́tà, ṣírò owó, tí wọ́n sì ń fi wọ báńkì wà lórí Debian. Ẹni tí Debian bá le jù fún lọ́wọ́ lè mú Linux Mint, pàápàá LMDE, èyí tí wọ́n kọ́ sórí Debian tààrà. Ti àmì ohùn Yorùbá kò dá ìyàtọ̀ kankan sílẹ̀: àtò bọ́tìnnì ti Nàìjíríà, pẹ̀lú ti Yorùbá, Ìgbò àti Haúsá, ti wà nínú gbogbo wọn, a kàn ní láti yàn án ni.