Ta Ni Ó Ni Ìkórè?

Ní àwọn abúlé onírẹsì ní erékùṣù Java, ní ilẹ̀ Indonéṣíà, olóko kì í dá ìkórè ṣe láyé àtijọ́. Bí ìrẹsì bá gbó, àwọn obìnrin abúlé, àti àwọn tí kò ní ilẹ̀ rárá, a wọ inú oko pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré tí à ń pè ní ani-ani, wọn a sì máa gé ṣírí ìrẹsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó kọ́ ni wọ́n ń gbà. Ìpín kan nínú ohun tí kálukú bá kó ni tirẹ̀. Bawon ni orúkọ ìpín náà.

Lẹ́yìn 1970, ọ̀pọ̀ olóko bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìrẹsì lórí ìdúró fún oníṣòwò, tí òun sì ń kó ìwọ̀nba ọkùnrin wá pẹ̀lú dòjé. Iṣẹ́ yá, èrè olóko sì lé sí i. Ọ̀pọ̀ obìnrin aláìnílẹ̀ sì pàdánù ìpín wọn.

Ǹjẹ́ olóko jẹ̀bi? Oko rẹ̀ ni, òun náà sì lè má jẹ́ ọlọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n bawon kì í ṣe sàráà. Iṣẹ́ ni obìnrin náà ń ṣe kí ó tó jẹ. Yorùbá ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ó ṣòro fún olóko láti wo ojú aládùúgbò kí ó lé e. Ó rọrùn fún oníṣòwò tí kò mọ̀ ọ́n rí. Lójú tèmi, ohun tí ojú ń tì wá láti fi ọwọ́ ara wa ṣe, tí a wá ń gba ọwọ́ àjèjì ṣe, òfin lè fàyè gbà á, ṣùgbọ́n ọkàn wa ti dá a lẹ́jọ́ ná.