Ta Ni Yóò Dá Ọmọ Lẹ́kun?

Ibi kíkà: 1 Sámúẹ́lì 2:22–25 àti 3:1–18

  

Ní ọjọ́ ayọ̀ bí èyí, ọ̀rọ̀ dídùn ni etí ń fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí Olúwa gbé lé mi lọ́kàn, ọ̀rọ̀ ilé ni: fóònù àti géèmù tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa.

Ẹ wo Élì. Kì í ṣe abọ̀rìṣà, kì í ṣe olè. Àlùfáà Ọlọ́run ni, ogójì ọdún ni ó fi ṣe onídàájọ́ Ísírẹ́lì. Àwọn ọmọ rẹ̀, Hófínì àti Fíníhásì, ń ba ilé Ọlọ́run jẹ́, bàbá sì gbọ́. Ó bá wọn wí o! Ó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọlọ́run ka ẹ̀ṣẹ̀ Élì sí i lọ́rùn, kò sọ pé Élì dákẹ́. Ohun tí ó sọ ni pé Élì kò dá wọn lẹ́kun. Ẹ gbọ́ mi o: kí á bá ọmọ wí lẹ́nu yàtọ̀ sí kí á dá a lẹ́kun. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọmọ méjèèjì kú. Bàbá gbọ́ ìròyìn, ó ṣubú sẹ́yìn lórí àga, ọrùn rẹ̀ ṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Ní 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà sé gbogbo Èkó mọ́lé, mo ra fóònù fún àbíkẹ́yìn mi kí ó lè máa fi kàwé. Ìwé parí, fóònù kò parí. Nígbà tí a padà sí ìsọ́ òru, mo ń lọ, mo ń gbàdúrà fún ọmọ ọlọ́mọ. Ní ọjọ́ kan mo wọlé láago mẹ́rin ìdájí, mo bá ọmọ mi lábẹ́ aṣọ ìbora, ojú rẹ̀ pọ́n, géèmù ni ó ń gbá. Mo figbe ta. Mo ní ayé ti gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọjọ́ méje, mo tan àbẹ́là, mo gbé omi kalẹ̀, mo ń lé ẹ̀mí tí ó dè é.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá àgbà kan nínú ìjọ wá bá mi. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Ta ni ó ń ra dátà sí fóònù náà?”

Ẹnu mi wọhò. Èmi ni! Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo ń rà á, kí ilé lè dákẹ́, kí n lè ráyè múra ìwàásù.

Mo parí ààwẹ̀ mi, ṣùgbọ́n mo pe ọmọ náà, mo sọ fún un pé èmi ni mo kọ́kọ́ ṣẹ̀. A jọ fi òfin lélẹ̀. Ó bínú fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn bí ọmọ ènìyàn. Ó ṣì ń gbá géèmù, ṣùgbọ́n ó ní àkókò. Òun ni ẹ gbọ́ tí ó ń lu ìlù láàárọ̀ yìí.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959 ni tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa, ní Ìbàdàn. Nígbà tí ìjọba kọ́ Festac Town fún àwọn àlejò ayẹyẹ 1977, ìrọ̀lẹ́ ni tẹlifíṣọ̀n ń ṣí. Bí òru bá dé, wọn a kọ orin orílẹ̀-èdè, wọn a pa á. Kò sí ọmọ tí ó lè bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ń bá wa tọ́ ọmọ, a kò mọ̀! Fóònù ayé ìsinsìnyí kò ní àsìkò pípa. Bí ọmọ bá borí níbì kan nínú géèmù, ibòmíràn a ṣí. Bí kò bá wọlé lónìí, ẹ̀bùn òní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n ayé ni ó jókòó tí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, kí owó lè máa wọlé. Ṣé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni yóò dá wọn borí? Ní Ṣáínà, ìjọba fòfin dè é ní 2021: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ gbá géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ju wákàtí kan lọ, ní ọjọ́ Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba nìkan. Lọ́dọ̀ tiwa, ìwọ bàbá, ìwọ ìyá, ìwọ ni ìjọba.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn ní Raji Rasaki Estate níbí. Ẹlòmíràn ti jáde láago márùn-ún ìdájí kí ọ̀nà Mile 2 tó dí. Alẹ́ ni yóò wọlé. Fóònù ti di alágbàtọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Nítorí náà:

Èkíní, fóònù kò gbọdọ̀ bá ọmọ sùn. Bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá lù, kí fóònù gbogbo ilé wà ní pálọ̀, ti bàbá àti ti ìyá pẹ̀lú.

Èkejì, lẹ́yìn ìwé àti iṣẹ́ ilé ni géèmù. Ẹ sọ ìgbà tí yóò parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ má gba fóònù kí ẹ fi ọwọ́ ọmọ sílẹ̀ lófìfo. Bọ́ọ̀lù ń bẹ, ayò ń bẹ, àlọ́ ń bẹ, ẹgbẹ́ akọrin ń bẹ. Ẹ jókòó tì í pẹ̀lú, kí ó fi géèmù náà hàn yín, kí ẹ mọ ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé fóònù fún ìkókó nínú ìsìn kí ó má baà sunkún, ẹ jọ̀ọ́. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò yẹ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì máa jókòó wo fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n rárá. Fún ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin, kò yẹ kí ó ju wákàtí kan lọ lójúmọ́.

Lọ́dún kan náà, àjọ yìí ka géèmù tí ó di bárakú mọ́ àìsàn. Àmì rẹ̀ nìyí: ọmọ kò lè dá ara rẹ̀ dúró mọ́, géèmù ṣáájú oúnjẹ, ìwé àti ẹbí, ó ń pa á lára, síbẹ̀ kò fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ má lu ọmọ bolẹ̀, ẹ má pè é ní ẹlẹ́mìí èṣù. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì mú un lọ rí dókítà. Ọlọ́run tí ń gbọ́ àdúrà ni ó dá dókítà.

Ilé Olúwa tí Élì kan náà ti ń ṣe àlùfáà ni Sámúẹ́lì sùn sí. Òru dákẹ́, ọmọ gbọ́ nígbà tí Olúwa pe orúkọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé earpiece wà létí rẹ̀ ńkọ́?

Olúwa yóò fún wa ní agbára láti dá ọmọ wa lẹ́kun pẹ̀lú ìfẹ́. A kò ní kọ́ ìjọ kí ilé wa wó. Àwọn ọmọ wa yóò gbọ́ nígbà tí Olúwa bá pè wọ́n. Ní orúkọ Jésù. Àmín, Àṣẹ!