Ǹjẹ́ Ìwà Àìlẹ́kọ̀ọ́ Ni Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Bá Gba Olùkọ́ Nímọ̀ràn?



Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ ní ilé-kéwú, tí a sì ń gbọ́ ní yunifásítì bákan náà. Olùkọ́ yóò béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo kíláàsì yóò sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ó yé wa, sà!" Àwa tí a ti jókòó sórí ẹní níwájú àáfáà, tí a tún ti jókòó sórí àga ní yunifásítì, tí a sì ń kọ́ni lónìí, a mọ̀ wípé ìdáhùn yìí kì í ṣe ìròyìn. Ìkíni ni. Bí ènìyàn ṣe ń kí bàbá rẹ̀ ní òwúrọ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń fi kí olùkọ́. Nígbà tí ìdánwò bá dé ni ìwé yóò tó tú àṣírí.

Ìbéèrè wa nìyí: ta ni ó yẹ kí ó sọ fún olùkọ́ pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò wọlé? Bí ó bá sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni, ṣé kò ti kọjá ààyè rẹ̀?

A tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà pé ẹni tí ó bá ń ṣọ́ ẹnu olùkọ́ láti mú àṣìṣe rẹ̀ kò ní rí alùbáríkà nínú ìmọ̀ náà. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà Sàyídínà Umar ọmọ Khattāb (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i), gẹ́gẹ́ bí Imām Bukhārī ṣe gbà á wá. Umar a máa mú Abdullāhi ọmọ Abbās wọ ìjókòó àwọn àgbà tí wọ́n ja ogun Badr, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ́mọdé ni. Inú àwọn kan kò dùn. Wọ́n ní kí ló dé tí ọmọ yìí fi ń bá wa jókòó, nígbà tí àwa náà ní ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé? Umar kò bá wọn jà. Ó pè wọ́n lọ́jọ́ kan, ó bi wọ́n ní ìtumọ̀ Sūratu n-Nasr. Àwọn kan ní àṣẹ ni pé kí á yin Ọlọ́hun, kí á sì tọrọ àforíjìn nígbà tí ìṣẹ́gun bá dé. Àwọn yòókù dákẹ́. Ibn Abbās ní àmì ni pé ọjọ́ tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (SAW) yóò fi ayé sílẹ̀ ti súnmọ́. Umar ní ohun tí òun náà mọ̀ nípa rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ kíyèsí i pé ọmọ náà kò já wọ ìjókòó. Wọ́n pè é, wọ́n bi í, ó sì dáhùn. Ní Badr fúnra rẹ̀, ní ọdún kejì Hijra (624), ẹ̀kọ́ wà lára al-Hubāb ọmọ Mundhir pẹ̀lú. Kí ó tó dá àbá pé kí ogun ṣí lọ sí ibi kànga tí ó súnmọ́ ọ̀tá jù, ó kọ́kọ́ béèrè bóyá àṣẹ Ọlọ́hun ni ibi tí wọ́n dúró sí tàbí èrò ogun. Nígbà tí ó gbọ́ pé èrò ni, ó sọ tirẹ̀, Ànọ́bì (SAW) sì gbà á.

Àwọn kan ní Amẹ́ríkà ti sọ irú ìpè bẹ́ẹ̀ di ètò. Láti bí 2006 ni Bryn Mawr àti Haverford, ilé-ẹ̀kọ́ gíga méjì ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ti ń ṣe é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Alison Cook-Sather ni ó darí rẹ̀, SaLT sì ni orúkọ rẹ̀. (Ẹni tí ó gbọ́ Òyìnbó mọ̀ pé iyọ̀ ni.) Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ ni wọ́n ń yan akẹ́kọ̀ọ́ kan tì. Akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò wọ kíláàsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, yóò kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, àwọn méjèèjì yóò sì jókòó jíròrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Yunifásítì LUMS ní ìlú Lahore, ní Pakistan, náà ti dá irú rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí ó wù wá jù nínú rẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbani nímọ̀ràn kì í ṣe ọmọ kíláàsì náà. Kò forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yẹn, máàkì rẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ olùkọ́ yẹn. Ẹni tí ó mọ yunifásítì wa mọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì. Ta ni yóò sọ òtítọ́ fún ẹni tí ó lè mú un tún ọdún kan ṣe? Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pín ní ìparí sáà kò tó. Àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni ó lè ṣe láǹfààní, ẹ̀kọ́ ti bọ́ mọ́ àwọn tí ó kọ ọ́ lọ́wọ́.

Ẹnìkan lè ní, kí ni ọmọdé mọ̀ nípa fíqhì tàbí físíìsì tí yóò fi kọ́ àgbà? Kò mọ̀ ọ́n, a kò sì ní kí ó dá sí i. Ohun tí ó mọ̀ ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti yára jù, àpẹẹrẹ tí ó dàrú mọ́ àwọn tí ó wà lẹ́yìn lójú, àti àwọn arábìnrin tí olùkọ́ kì í bi ní ìbéèrè. Olùkọ́ ti mọ iṣẹ́ náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó ti gbàgbé bí àìmọ̀ ṣe ń rí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ní tiwa, a kò ní pe "ó yé wa, sà" ní irọ́ kí á sì dá àwọn ọmọ lẹ́bi. Olùkọ́ tí ó mọ̀ pé kì í ṣe òtítọ́, tí ó sì ń gbà á bẹ́ẹ̀ kí iṣẹ́ lè parí, òun ni amānah wà lọ́rùn rẹ̀. Iṣẹ́ ìkọ́ni ni a gbé fún un, kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Òun ni ó sì yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè, nítorí òun ni ìtìjú kò ní pa á láyò bí ó bá béèrè.

Bí a bá fẹ́ gbé e wá sílé, a ní láti ṣọ́ra fún ìdákọ́ńkọ́. Ọkùnrin olùkọ́ àti arábìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní orúkọ ìmọ̀ràn; kí wọ́n jókòó ní gbangba, tàbí kí a fi obìnrin ti obìnrin. Ní ilé-kéwú, ẹni tí ó ti ka tírà náà parí ní ọdún tí ó kọjá ni a lè pè kí ó wá jókòó lẹ́yìn.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Àwọn ará Pennsylvania ń san owó iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ náà, a sì gbà pé ó tọ́, nítorí iṣẹ́ ni. Ní ilé-kéwú tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ń fi owó Ọjọ́rú jẹun, a kò rí ibi tí owó náà yóò ti wá. Bóyá kí á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yíyọ owó tírà kúrò lọ́rùn ọmọ náà fún sáà kan.