Ìfarabalẹ̀ Nínú Orin: Ìbéèrè Kan Lórí Àwo Midnight Blue

Láti ayé àwọn Gíríìkì àtijọ́ ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń bi ara wọn léèrè bóyá orin tó ń tuni lára, tí kò kánjú, tí kò sì pariwo, lè ní iyì kan náà pẹ̀lú orin tó ń ru ọkàn sókè, tàbí bóyá fàájì lásán ni, tí kò yàtọ̀ sí oorun ọ̀sán. Ìbéèrè náà bá àwo orin jáàsì kan wí gan-an, èyí tí àwọn ènìyàn ti ń gbádùn fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún: Midnight Blue, tí Kenny Burrell, atagìtá ọmọ bíbí ìlú Detroit, ṣe fún iléeṣẹ́ àwo orin Blue Note.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù kìn-ín-ní ọdún 1963 ni wọ́n gba orin inú rẹ̀ sílẹ̀ ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀ Rudy Van Gelder ní Englewood Cliffs, ìpínlẹ̀ New Jersey. Ènìyàn márùn-ún péré ló ṣe é: Burrell fúnra rẹ̀, Stanley Turrentine tó fọn saksofóònù, Major Holley tó ta béèsì, ohun èlò olókùn ńlá tí a ń gbé nàró ta, tí ohùn rẹ̀ sì ń dún nísàlẹ̀, Bill English tó lu ìlù, àti Ray Barretto tó lu kóńgà, ìlù gbọọrọ tí a ń fi ọwọ́ lásán lù, tó ti Cuba wọ Amẹ́ríkà, tí orírun rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn ará Kóńgò (kí òǹkàwé má ṣe fi í pe bàtá tí àwọn Yorùbá gbé dé Cuba). Kò sí dùùrù láàrin wọn, èyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí nínú ẹgbẹ́ jáàsì, dùùrù ló sábà máa ń dí àlàfo tó wà láàrin ohùn kan àti èkejì. Níbi tí kò bá sí, àlàfo yóò hàn sí gbogbo etí, atagìtá ni yóò sì pinnu bóyá kí òun dí i tàbí kí òun fi í sílẹ̀. Burrell sábà máa ń fi í sílẹ̀.

Orin àkọ́kọ́, “Chitlins con Carne”, tí orúkọ rẹ̀ da ìfun ẹlẹ́dẹ̀ tí àwọn Adúláwọ̀ gúúsù Amẹ́ríkà ń sè pọ̀ mọ́ èdè Sípáníìṣì, ni a ti lè rí èyí dáadáa. Blues ni orin náà, ìyẹn irú orin Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tó sábà máa ń rìn lórí òṣùwọ̀n méjìlá, ìyẹn ìpín àkókò méjìlá tó dọ́gba, tí yóò parí, tí yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kan Burrell láti dá ta, tó ní láti máa hun orin lójú ẹsẹ̀ láìsí ìwé níwájú, ó ta ohùn díẹ̀, ó dúró, ó sì fi àkópọ̀ ohùn mélòó kan tí a ta pa pọ̀ dá ara rẹ̀ lóhùn, tó fi jẹ́ pé òun ló ń lé orin, òun náà ló ń gbè é, kóńgà Barretto sì ń ráyè sọ tirẹ̀ láàrin méjèèjì. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ni kò yá, nítorí ẹni tó ti bá Dizzy Gillespie, àgbà nínú jáàsì, gba orin sílẹ̀ ní 1951, tó sì ti bá John Coltrane, àgbà mìíràn, ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1958, mọ bí a ti ń sáré lórí okùn gìtá.

Plato, ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Gíríìkì tó bi ìbéèrè yẹn, nínú apá kẹta ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Republic, jẹ́ kí Socrates, olùkọ́ rẹ̀, lé àwọn ètò ohùn kan kúrò nínú ìlú tó ń gbèrò, nítorí pé wọ́n dẹ̀, wọn kò sì yẹ ju ìdí ọtí lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kàwé náà dé ibẹ̀, wọ́n á sì ní Plato kórìíra orin pẹ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kò tíì tán, torí ètò méjì ló dá sí: ọ̀kan fún akọni lójú ogun, èkejì fún ẹni tó wà ní àlàáfíà, tó ń gbàdúrà tàbí tó ń gba ẹnìkejì níyànjú, tí kò gbéra ga, tó sì mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Orin tó dẹ̀ kò ní agbára kankan tó ń kó níjàánu, orin tó farabalẹ̀ ní i, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó lò ó. Rowland Abiodun, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà Yorùbá, náà ka ìfarabalẹ̀ mọ́ àwọn ìwà tí a fi ń dá oníṣẹ́ ọnà tó mọṣẹ́ mọ̀.

Ẹ̀sùn tó wúwo jùlọ sí irú orin yìí wá láti ọ̀dọ̀ Theodor Adorno, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Jámánì, tó kọ̀wé tako jáàsì ní 1936 àti ní 1953. Lójú tirẹ̀, òmìnira inú jáàsì kì í ṣe òmìnira, ọ̀ṣọ́ lásán ni lórí ètò tí kò yí padà, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju pé kó jẹ́ kí olùgbọ́ gba ayé bó ṣe wà. Ẹ̀sùn yìí tún le sí i bí a bá wo ọdún 1963, nítorí ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n gba Midnight Blue sílẹ̀ ni George Wallace búra gẹ́gẹ́ bí gómìnà Alabama, tó sì kéde pé ìpínyà láàrin dúdú àti funfun yóò wà títí láé. Max Roach, onílù jáàsì, ti fi àwo odindi kan bèèrè òmìnira ní 1960. Kí wá ni ẹnikẹ́ni ń fi orin pẹ̀lẹ́ ṣe nírú àkókò bẹ́ẹ̀?

Òtítọ́ ni pé Midnight Blue kò fẹ̀hónú hàn, àwọn tó ń fi tipátipá ka ìfẹ̀hónúhàn sínú rẹ̀ sì ń yìn ín ní àyìnjù. Síbẹ̀, nígbà tí ayé ń retí pé kí ènìyàn dúdú yálà wólẹ̀ tàbí kó bínú, ẹni tó bá yan ìṣísẹ̀ tirẹ̀, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé òun sáré, kò tíì gba ayé bó ṣe wà. Ní ti ètò tí kò yí padà, Adorno rí i, ṣùgbọ́n kò rí ohun tó wúlò fún: ẹni tó ti mọ ibi tí òṣùwọ̀n méjìlá ń lọ ló lè gbọ́ ohùn tí atagìtá mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ láìta. Bí apá kan bá wà nínú àwo náà tí ẹ̀sùn Adorno fẹ́ bá, “Gee Baby, Ain’t I Good to You” ni, orin àtijọ́ ti Don Redman àti Andy Razaf, tó dùn, ṣùgbọ́n tí dídùn rẹ̀ kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó ń gbọ́ ọ.

“Soul Lament” kò rí bẹ́ẹ̀. Gìtá nìkan ló wà níbẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìbànújẹ́ inú rẹ̀ kò sì fi ìgbà kankan di ẹkún. Àwọn tó ń lo àwo yìí láti fi bo ariwo àwo oúnjẹ ní òtẹ́ẹ̀lì wà lára ìdí tí a fi ń pè é ní orin fẹ́ẹ́rẹ́, nítorí ìfarabalẹ̀ tí a kò bá farabalẹ̀ gbọ́ kò lè fi ara rẹ̀ hàn. Ẹni tó bá fẹ́ dájọ́, kí ó kọ́kọ́ pa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tì, kí ó gbọ́ orin kan ṣoṣo yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó tó dá Adorno láre.