Bí Òfin Bá Dákẹ́, Ṣé Ó Gbà Ni?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ n bi yín: bí òfin bá dákẹ́ lórí ọ̀ràn kan, ṣé ó ti gbà kí oníkálùkù ṣe bó ti wù ú nìyẹn? Àwọn lọ́yà nìkan kọ́ ló ń jà sí i o. Àwọn tó ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà náà ń jà sí i bí olórogún.

Dennis Ritchie ló dá èdè tí wọ́n ń pè ní C sílẹ̀ l'Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí 1972. Ní 1989 ni wọ́n ṣe ìwé òfin fún un, kí gbogbo compiler, ìyẹn ògbufọ̀ tó ń túmọ̀ ohun tí a kọ fún ẹ̀rọ, lè máa sọ ohun kan náà. Ṣùgbọ́n ìwé náà mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ níbì kan, ó sì sọ ìdákẹ́ náà ní undefined behavior.

Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, iye tó ga jù tí nọ́ńbà lásán lè dé nínú C ni 2,147,483,647. Bí o bá fi 1 kún un ńkọ́? Òfin dákẹ́. Ẹni tó ń kọ iṣẹ́ wá fi ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà: bí mo bá fi 1 kún un tó wá kéré sí ti tẹ́lẹ̀, dúró! Ògbufọ̀ ní, 'Ẹni tó mọ òfin kì í dé ibẹ̀, nítorí náà kò lè ṣẹlẹ̀.' Ló bá lé ẹ̀ṣọ́ lọ. Ní 2009, ohun tó fara pẹ́ ẹ ṣẹlẹ̀ nínú Linux: GCC yọ àyẹ̀wò kan dànù, ojú ọ̀nà sì ṣí fún olè.

Ta ló jẹ̀bi? Àwọn tó ṣe ògbufọ̀ ní àwọn ò rú òfin, ìdákẹ́ yẹn ló sì ń jẹ́ kí iṣẹ́ yá. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ wò ó: ìwé 1989 ka àwọn ohun tó lè tẹ̀yìn ẹ̀ yọ, ó sì pè wọ́n ní ohun tí a fàyè gbà. Nígbà tó di 1999, wọ́n pa ọ̀rọ̀ yẹn dà sí ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì sọ gbólóhùn náà di àlàyé lásán. Ọ̀rọ̀ kan péré! Àwọn kan ní ọgbà ni èyí àkọ́kọ́ jẹ́, pé ògbufọ̀ ò gbọdọ̀ kọjá ẹ̀. Wọ́n ní èkejì ti wó ọgbà náà.

Lójú tèmi, ẹni tó dákẹ́ nítorí pé ẹ̀rọ ò rí bákan náà ò rán ẹnikẹ́ni pé kó lọ tú ilẹ̀kùn ẹlòmíì. Ẹ̀rọ ayé ijọ́un ń kọ nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òdo ní ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn wà lára ìdí tí wọ́n fi panu mọ́. Ìwé òfin tó jáde ní 2024 ti wá ní ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí gbogbo wọn máa gbà. Síbẹ̀, lórí ẹni tó fi 1 kún 2,147,483,647, kò tíì sọ nǹkan kan.