Ọjà Erùpẹ̀, Owó Òkúta

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ta ọjà erùpẹ̀, owó òkúta ni yóò gbà. Ẹni tó fẹ́ máa fi ìwé ìròyìn ránṣẹ́ lórí íméèlì ni òwe yìí ń bá wí. Nígbà tí míṣọ́nnárì Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, owó ẹyọ gidi làwọn èèyàn fi ń rà á, torí ìròyìn ìlú wọn ló wà níbẹ̀, lédè wọn.

Ọmọ Òmù-Àrán nílẹ̀ Ìgbómìnà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lónìí, kí ló fẹ́ tà? Ọmọ Ìgbómìnà tó wà l'Ékòó kò wá àdúrà àárọ̀ tó ti kún orí WhatsApp. Iye tí wọ́n ń ta kóńgò gàrí nílé ńkọ́? Ìtàn àwọn ère òkúta ìlú Ẹsìẹ́, tí wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún ní 1945 ńkọ́? Ìyẹn ni yóò kà dópin, tí yóò tún fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí òǹkàwé ṣe ń pọ̀ nìyẹn.

Má ra àdírẹ́sì íméèlì kiri. Tọrọ àyè kí o tó kọ̀wé sí èèyàn, dá ọjọ́ tí wàá máa fi í ránṣẹ́, má sì yẹ̀ ẹ́. Ọgbọ̀n èèyàn tó ń kà á sàn ju ẹgbẹ̀rún tó ń pa á rẹ́ lọ.