Adùn Inú Ọ̀rá

Ohun tí a ń pè ní ìpápánu kì í ṣe oúnjẹ àjẹyó. A fi ń pa ẹnu lásán ni, kí ebi má baà dá ẹni lágara kí oúnjẹ gidi tó dé. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò sí ọ̀rọ̀ ńlá kan tí a lè rí sọ lórí rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí òtítọ́ jẹ́ nínú káràkátà, kí ó wọ ọkọ̀ ní òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ká a mọ́ àárín Ìbàfò àti Mowe, kí ó sì máa wo ohun tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ń nà sí i láti ojú fèrèsé.

Yóò rí ìpékeré oríṣìíríṣìí: ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú oníyọ̀, ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, ti aláta. Yóò rí kókóró àti kúlíkúlí. Yóò rí Gala, tí iléeṣẹ́ UAC ti ń ṣe láti ọdún 1962. Yóò sì rí àwọn tí adùn wọn ṣàjèjì, tí wọ́n kọ orúkọ mìíràn sí lára: súyà, adìyẹ, wàràkàṣì òun àlùbọ́sà. Orúkọ wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ní ọjà àtijọ́, ẹnu oníbàárà ni adájọ́. Títí di òní, ẹni tí ó bá fẹ́ ra gaàrí ní ọjà Ìfọ̀ yóò bu díẹ̀ sẹ́nu kí ó tó dúnàádúrà. Ahọ́n rẹ̀ ni yóò sọ fún un bóyá ó kan tàbí kò kan, kò sì sí ẹni tí yóò pè é ní olè. Ọ̀rá tí a lẹ̀ pa kò gba irú èyí láyè. Owó ni yóò kọ́kọ́ ti ojú fèrèsé jáde. Kí oníbàárà tó já ọ̀rá, ọkọ̀ ti gbéra, ẹni tí ó tà á ti di ẹni ẹ̀yìn. Nọ́ńbà àjọ NAFDAC, àjọ tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, ń fi yé wa pé ọjà náà ní orúkọ nínú ìwé ìjọba. Àjọ náà kò bá wa tọ́ ọ wò. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sára ọ̀rá ni ó wá ń ṣe iṣẹ́ tí ahọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ǹjẹ́ bí ọ̀rọ̀ náà bá ní adìyẹ, tí adìyẹ kò sì sí níbẹ̀, irọ́ ha kọ́ ni bí?

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé a máa ń fi ìjọra sọ nǹkan lórúkọ. A ń pe ọmọ ọlọ ní ọmọ, kò sì sí ẹni tí ó ń wá ìyá rẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ọmọ ọlọ kò san owó ọmọ. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje ni ó yẹ kí a fi wé e. Ẹja, ẹyin, edé àti irú wọn ni ẹ̀mí tí à ń kà níbẹ̀, a sì ń kà wọ́n tojútojú. Obìnrin tí ó bá kígbe ẹlẹ́mìí méje, tí a tú ewé tí a kò bá ju edé kan lọ, kò ní í tà ní àdúgbò náà mọ́.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti di ẹjọ́ rí ní Ìlú Ọba. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, onílé-ọtí kan ní Wales ń ta ànàmọ́ òyìnbó díndín tí ó ní adùn ẹran líílí, ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún lára. Iléeṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ìwà títọ́ nínú òwò pè é lẹ́jọ́ pé kò sí ẹran líílí níbẹ̀. Ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí ni pé kí ó yọ lẹ́tà méjì kúrò nínú orúkọ, kí “flavoured” di “flavour”. Èkíní ń ṣèlérí pé ẹran náà wà níbẹ̀. Èkejì ń sọ pé ó jọ ọ́ lásán. Mo bọ̀wọ̀ fún òfin, ṣùgbọ́n oníbàárà wo ni yóò rí lẹ́tà méjì nínú oòrùn Ìbàfò? Èdè tiwa ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀ kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpékeré aláta ni èyí tí ó ní ata. Bí a bá fẹ́ sọ ti ìjọra, a ó ní ó ń ta sánsán bí adìyẹ. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ pe ànàmọ́ díndín yẹn ní aládìyẹ.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó jẹ̀bi bákan náà. Mo ti tọ́ oní-súyà wò. Iyọ̀ ni ó kọ́kọ́ dé, ata tẹ̀ lé e, ẹ̀pà wà ní àárín, atalẹ̀ sì kẹ́yìn. Yájì nìyẹn, yájì sì ni ìdajì súyà. Iná àti èéfín nìkan ni mo wá tì. Mo dá a láre. Ti adìyẹ ṣòro. Mo rí iyọ̀, mo rí àlùbọ́sà àti aáyù, mo tún rí adùn kan tí kì í ṣe ti ṣúgà, tí ó ń pẹ́ lórí ahọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ikeda ní Japan ni ó yọ ohun tí ń fa irú adùn bẹ́ẹ̀ jáde láti inú ewéko òkun ní ọdún 1908. Àwa ti ń rí i nínú irú láti ayébáyé. Bí ó bá ṣe pé ará Ìfọ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ, bóyá irú ni ì bá pè é, kì í ṣe adìyẹ.

Èyí tí ó dùn mí jù kì í tilẹ̀ ṣe ti owó. Ọmọ tí ó ti mọ adìyẹ inú ọ̀rá kí ó tó mọ ti inú ìkòkò, bí a bá gbé adìyẹ ìbílẹ̀ tí a fi iyọ̀ àti ata nìkan sè ka iwájú rẹ̀, yóò ní ó tẹ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà: tẹ́ ni à ń sọ fún ọbẹ̀ tí kò dùn, òun náà ni à ń sọ fún ẹni tí ojú tì ní gbangba. Adìyẹ gan-an ni ó wá tẹ́ níwájú orúkọ ara rẹ̀. Ẹni tí a rẹ́ jẹ lè bínú, nítorí ó mọ ohun tí ó yẹ kí ó gbà. Ọmọ yìí kò mọ̀ pé a gba nǹkankan lọ́wọ́ òun.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún àwọn tí ń fi ìpápánu lọ̀ mí pé kí wọ́n fi ọwọ́ bo orúkọ ná, kí wọ́n jẹ ẹ́, kí wọ́n sọ ohun tí ahọ́n rí, kí wọ́n tó kàwé ara ọ̀rá. Kókóró nìkan ni ó máa ń já irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́. A kì í sábà fi àmì ohùn sí orúkọ rẹ̀ lára ọ̀rá, àlejò tí ó ń kọ́ èdè wa sì lè rò pé kòkòrò ni a dín. Bí ó bá tú u, àgbàdo ni yóò bá níbẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀ tàbí ṣúgà díẹ̀ àti òróró tí a fi dín in.